Wọ́n ti rán àjà ẹnu ọmọ, kí ló dé tó ṣì ń ránmú? Àlàyé lórí iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì

Tọ́mọ kan bá lanu láti pe "bàbá" tó wá jẹ́ "màmá" làwọn ará ilé ń gbọ́, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín pé ọmọ màmá ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. B àti M, ibì kan náà ni wọ́n ti ń wá, ètè méjèèjì ló máa ń pàdé fún wọn, ohun tó yà wọ́n ò ju pé afẹ́fẹ́ ń gba imú jáde fún M, kì í gba imú fún B. Ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì tún bára mu, dò-mí ni bàbá, dò-mí ni màmá. Nítorí náà bí afẹ́fẹ́ bá ń jò gba imú ọmọ níbi tí kò yẹ kó ti jò, kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù tẹ́ ẹ fẹ́ fi mọ ẹni tó ń pè. Bó ṣe máa ṣe D náà nìyẹn tó fi máa di N, L náà á di N, Adé á di Ané, Olú á di Onú, ẹni tó fẹ́ sọ pé "ikú" á dà bíi pé ikún inú oko ló ń sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀ torí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún tẹ́lẹ̀. Wọ́n bí wọn pẹ̀lú àjà ẹnu tó là, wọ́n gbé wọn lọ ọsibítù, wọ́n rán an, òbí dúpẹ́, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó parí. Ọdún mẹ́ta mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tíṣà ò gbọ́ nǹkan tó ń sọ. Àwọn òbí á wá máa bi ara wọn pé ṣé wọn ò ṣe é dáadáa ni, abi iṣẹ́ ayé ni.

Káàkiri ayé, nínú bíi 700 ọmọ tí wọ́n bá bí, ọ̀kan máa ń ní ètè tàbí àjà ẹnu tó là. Ní 1999 ni àjọ Smile Train bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń sanwó fún àwọn dókítà ilẹ̀ wa níbí láti rán an lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn àjọ míì náà ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ìdílé tí ì bá má lè san án ló ti jàǹfààní ẹ̀. Ohun rere gidi ni. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀ ni fọ́tò méjì, ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí, ètè tó là àti ètè tó ti pa dé. Fọ́tò ò sì ní ohùn. Àwọn ìwádìí láti oríṣiríṣi ilẹ̀ máa ń fi í sí bíi 20 sí 30 nínú 100 ọmọ tí wọ́n rán àjà ẹnu wọn, pé wọ́n á ṣì máa ránmú débi tí wọ́n á fi nílò ìtọ́jú míì, kódà nílẹ̀ tí wọ́n ti ní gbogbo irinṣẹ́. Tí wọ́n bá tún pẹ́ kí wọ́n tó rán an, iye yẹn máa ń lọ sókè, torí láàárín oṣù 9 sí 18 ló dáa jù kí wọ́n ti rán àjà ẹnu, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ nílé wa níbí ẹ̀ ń rí ẹni tó jẹ́ ìgbà tó ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n tó gbé e wá. Ẹni tó bá wá ń sọ fún òbí pé ọ̀rọ̀ ti parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ òwú ojú ọgbẹ́, ó ti já wọn jù sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí nìyẹn, pé apá kejì wà, àti bó ṣe ń lọ.

Àwọn tó bá ṣe Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdírì á rántí àwòrán ẹ̀yà ara ìfọ̀ tí tíṣà máa ń yà sójú bọ́ọ̀dù, orí tí wọ́n là láàárín, ahọ́n, eyín, àjà ẹnu, tán-án-ná, àti àfàsé. Àfàsé yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá fi ahọ́n tọ àjà ẹnu yín lọ sẹ́yìn, iwájú le bí egungun, ẹ̀yìn rọ̀. Apá tó rọ̀ yẹn ni, òun ni bẹ́lúbẹ́lú so mọ́ ní ìparí. Iṣẹ́ ẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn láàárín káà ẹnu àti káà imú: tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ B, D, K, GB, S, á gbéra sókè sẹ́yìn, á lọ kan ògiri ẹ̀yìn ọ̀fun, ògiri ẹ̀gbẹ́ náà á sún mọ́ ọn, ọ̀nà imú á pa dé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ M tàbí N tàbí àwọn fáwẹ̀lì aránmúpè bí in, ọn, un, á sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba imú. Kí ẹ tó sọ gbólóhùn kan tán á ti ṣí, á ti pa dé lọ́pọ̀ ìgbà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Tó bá kúrú jù, tàbí kò le gbéra, tàbí ihò wà lára ẹ̀, kò ní pa dé tán. Ohùn á máa jò.

GB àti P wa tún ń fi kún un. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "pápá", "gbogbo", "agbada" gba kí afẹ́fẹ́ kún ẹnu kí ẹ tó tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá ń jò gba imú kò ní í kún. Ẹ óò máa gbọ́ ìró fẹ́ẹ́ nínú imú, àwọn ọmọ míì á máa sún imú tàbí dijú pọ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ fi ojú ti ìlẹ̀kùn náà pa.

Báwo wá ni iṣẹ́ abẹ ọ̀fun ṣe lè fà á? Ọ̀nà pọ̀. Àjà tí wọ́n rán tán ṣùgbọ́n tó kúrú, tàbí tí iṣan inú ẹ̀ ò pàdé láàárín bó ṣe yẹ, ìyẹn ló wọ́pọ̀ jù. Iṣan yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí nínú àjà tó là, ẹ̀yìn eegun iwájú ni iṣan tọ̀tún tòsì máa ń lọ so mọ́, tí dókítà bá kàn fa awọ pọ̀ tó rán an láìdá iṣan yẹn padà sẹ́yìn kó pàdé ara ẹ̀, ẹnu á pa dé lójú, ilẹ̀kùn ò ní í ṣiṣẹ́.

Èkejì ni ádénọ́ìdì, ẹran kan tó wà lẹ́yìn imú lókè ọ̀fun, tí wọ́n máa ń yọ fún ọmọ tó ń hanrun tó ń fi ẹnu mí. Lára ọ̀pọ̀ ọmọdé, ẹran yìí ni àfàsé ń lọ kàn nígbà tó bá fẹ́ pa ọ̀nà imú dé. Tí wọ́n bá yọ ọ́, àyè á fẹ̀ sí i lójijì. Ọmọ á ránmú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara á kọ́ ọ, á lọ, ìyẹn ò le. Àmọ́ tó bá ti ju oṣù méjì mẹ́ta lọ tó ṣì ń jò, ẹ padà lọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ báyìí tó bá jẹ́ pé àjà ọmọ náà ti là tẹ́lẹ̀ lábẹ́ awọ, tí ojú ò rí i. Àmì ẹ̀ mẹ́ta ni: bẹ́lúbẹ́lú tó pín sí méjì lórí, ilà tó funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín àjà tó rọ̀, àti kòtò kékeré tí ìka máa bá lẹ́yìn eegun àjà. Dókítà tó bá fẹ́ yọ ádénọ́ìdì yẹ kó wo bẹ́lúbẹ́lú ná. Ẹ̀yin òbí náà lè béèrè, kò sí àrífín nínú ẹ̀, "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ti wo àjà ẹnu ẹ̀?"

Bẹ́lúbẹ́lú gígé wá ńkọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fẹ́ kí n sọ ọ́ àmọ́ ó ṣì ń lọ nílé wa, ọmọ ń wúkọ́, kò jẹun, ó ń bì, ìyá àgbà á ní bẹ́lúbẹ́lú ẹ̀ ló gùn, wọ́n á gbé e lọ bá olóòlà. Àìsàn tí wọ́n torí ẹ̀ gé e, ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀nà ọ̀fun tó wú lásán ni, tàbí ibà. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ya, àrùn ipá (tẹ́tánọ́ọ̀sì) wà níbẹ̀, kòkòrò wà níbẹ̀, èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa ni pé tí ọ̀bẹ ò bá dúró sórí bẹ́lúbẹ́lú nìkan tó wọnú àfàsé, àpá á fà á kúrú. Ẹni yẹn náà á máa ránmú, kò sì sí àjà tó là lára ẹ̀ rárá nígbà tí wọ́n bí i. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ hanrun fún, tàbí tí wọ́n yọ jẹjẹrẹ lára àjà ẹnu wọn, wọ́n wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kan tó máa ń jẹ́ kí ilé má tètè fura ni pé ohùn orí ọ̀rọ̀, dò, re, mí yẹn, inú tán-án-ná ló ti ń wá nísàlẹ̀ ọ̀fun, àfàsé ò bá a tan. Ọmọ tó ń ránmú burúkú á ṣì sọ ohùn orí ọ̀rọ̀ ẹ̀ geere. Ìyá ẹ̀ tó mọ ohun tó ń fẹ́, tó mọ àkókò tó máa ń béèrè oúnjẹ, á fi ohùn yẹn dá gbogbo gbólóhùn mọ̀. Á ní "mo gbọ́ gbogbo nǹkan tó ń sọ." Òótọ́ ló ń sọ. Ìyá ọlọ́jà tí kò rí ọmọ náà rí ò ní gbọ́ ìdajì. Nítorí ẹ̀, ẹni tí ẹ óò bi ni tíṣà, tàbí ẹ̀gbọ́n kan tó wá láti Èkó fún ọdún, ẹ má bi ara yín.

Àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ ẹ̀ á sì ti mọ̀ tipẹ́. Nínú àlọ́ tí gbogbo wa gbọ́, iwin ló máa ń ránmú sọ̀rọ̀, orúkọ tí wọ́n á sì fún ọmọ náà ní kíláàsì ò ní í jìnnà sí ìyẹn. Kò ní nawọ́ sókè mọ́ tí tíṣà bá béèrè ìbéèrè. Wọ́n á ní ó ya dìndìnrìn, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ ẹ̀ pé pérépéré.

Ìdánwò kékeré kan wà tẹ́ ẹ lè ṣe nílé. Ẹ ní kó sọ gbólóhùn tí kò ní M, N tàbí fáwẹ̀lì aránmúpè kankan, bíi "Bàbá Adé ra bàtà pupa" tàbí "Ìyá Ṣọlá lọ sọ́jà". Kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan bó ṣe wà, kó tún sọ ọ́ pẹ̀lú imú tẹ́ ẹ fi ìka dì. Kò yẹ kí ìyàtọ̀ kankan wà, torí kò sí afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba imú nínú gbólóhùn yẹn. Tí ohùn bá yí padà gan-an, ó ń jò. Tàbí kẹ́ ẹ gbé dígí kékeré tó tutù sábẹ́ imú ẹ̀, tí dígí bá ń bu èéfín pẹ̀lú "bàtà pupa", ó ń jò. Ẹ tún wá ní kó sọ "Ìyá mi ń mu omi", ti èyí gbọ́dọ̀ bu èéfín, tí kò bá bu, imú ló dí, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ìdánwò yìí ò tó láti fi sọ pé ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ o, ó kàn tó láti fi mọ̀ pé ó yẹ kẹ́ ẹ lọ.

Kí àwọn òbí míì tó lọ, wọ́n á ti ṣe oríṣiríṣi. Wọ́n á ra bàlúùnù fún un pé kó máa fọn ọ́n, wọ́n á ní kó máa fọn fèrè, kó máa fi sítíróò fa omi, pé iṣan á le. Ó dùn ún ṣe fún ọmọdé, àmọ́ kì í wo ìránmú, torí bí àfàsé ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà téèyàn bá ń fọn nǹkan yàtọ̀ sí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà téèyàn bá ń sọ̀rọ̀. Àwọn míì á ní ahọ́n ẹ̀ ló so, wọ́n á lọ gé okùn abẹ́ ahọ́n. Ahọ́n ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Orógbó náà, tán-án-ná ni wọ́n máa ń ní ó ń là, ibi tó ń jò wà lókè.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kó gbọ́ ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ ni speech therapist, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní ọ̀rọ̀ sísọ, kódà kí dókítà tó gbé ọ̀bẹ. Ìdí ni pé oríṣi àṣìṣe méjì ló máa ń pa pọ̀ sẹ́nu ọmọ kan. Ọ̀kan jẹ́ ti ilẹ̀kùn tí kò pa dé, kò sí ẹ̀kọ́ tó lè tún un ṣe, iṣẹ́ abẹ ni. Èkejì jẹ́ àṣà tí ọmọ fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀: nígbà tí kò rí afẹ́fẹ́ kó jọ sẹ́nu fún T àti K, ó kọ́ láti máa dá ohùn dúró lójijì nínú ọ̀fun, "bàtà" á di "à-à" pẹ̀lú ìdádúró kékeré láàárín. Èyí, ọ̀bẹ ò lè mú un kúrò, ẹ̀kọ́ ni. Tí wọ́n bá ṣe abẹ fún ọmọ tó jẹ́ pé ti èkejì ló pọ̀ jù lẹ́nu ẹ̀, ẹ óò náwó, ẹ óò jẹ ìrora, ẹ ò ní gbọ́ ìyàtọ̀ kan gbòógì, inú á bí yín sí dókítà. Mo rò pé ibí ni ọ̀pọ̀ ìjà láàárín òbí àti ọsibítù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá wo inú ẹ̀. Wọ́n á ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ihò imú lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn pa ìmọ̀lára ibẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ní kọ́mọ máa ka gbólóhùn, wọ́n á máa wo ilẹ̀kùn náà láti òkè bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Ọmọ ọdún mẹ́rin márùn-ún lọ sókè ló sábà máa ń gbà kí wọ́n ṣe é fún òun, ìdí kan nìyẹn tí wọn kì í fi í sáré ṣe iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì fún ọmọ kékeré, ó gbọ́dọ̀ ti lè sọ̀rọ̀ tó kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń tún ṣe. Wọ́n tún lè ya X-ray tó ń rìn bíi fídíò nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni: báwo ni ihò tó kù ṣe tóbi tó, ṣé àárín ló wà ni abi ẹ̀gbẹ́, ṣé àfàsé kúrú ni abi ó gùn tó àmọ́ kò gbéra, ṣé ògiri ẹ̀gbẹ́ ń sún wọlé? Ìdáhùn tí wọ́n bá rí ló ń yan irú iṣẹ́ abẹ. Dókítà tó bá gbọ́ pé ọmọ ń ránmú tó sì mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀ láìwo inú ẹ̀, ẹ lọ bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Tó bá jẹ́ pé ihò ṣì wà lára àjà tí wọ́n rán, tí omi àti ògì ń gba imú jáde, wọ́n lè dí i. Tó bá jẹ́ pé iṣan ni wọn ò dá padà, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un to, ọ̀pọ̀ dókítà báyìí ló fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ torí pé kò ba ọ̀nà èémí jẹ́ tó ìyókù. Ọ̀nà kan wà tí Leonard Furlow ní Amẹ́ríkà kọ nípa ẹ̀ ní 1986, wọ́n á gé awọ àti iṣan àfàsé bíi lẹ́tà Z lápá ẹnu àti lápá imú, wọ́n á pààrọ̀ ìkángun wọn, àfàsé á gùn sí i, iṣan á sì lé ara wọn láàárín. Tó bá kúrú gan-an, wọ́n lè mú ẹran láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá fi kún un.

Tí ìyẹn ò bá tó, wọ́n á lọ sí ògiri ẹ̀yìn ọ̀fun. Èyí tó ti pẹ́ jù, tí Schoenborn ní Jámánì ti ń ṣe láti bíi 1875, ni pé kí wọ́n gé awọ àti iṣan díẹ̀ láti ògiri ẹ̀yìn, kí wọ́n má já a tán, kí wọ́n wá lọ rán an mọ́ ẹ̀yìn àfàsé. Àárín á dí títí láé, ihò méjì kéékèèké á kù lápá ọ̀tún àti òsì, àwọn ni afẹ́fẹ́ á máa gbà fún mímí, ògiri ẹ̀gbẹ́ á sì máa sún wá pa wọ́n dé nígbà ọ̀rọ̀. Ẹni tí ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń sún dáadáa ni èyí dáa fún. Ẹni tí tiẹ̀ ò sún, wọ́n lè ṣe èyí tí Hynes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ẹ̀ ní 1950 tí Orticochea ní Kòlóńbíà tún tún ṣe ní 1968: iṣan méjì láti ẹ̀yìn tọ́nsìlì lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á gbé wọn dábùú ògiri ẹ̀yìn, ihò kan á kù láàárín tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbi tó bá jẹ́ pé ihò tó kù ò ju ìwọ̀nba lọ, àwọn kan máa ń fa ọ̀rá láti inú ikùn aláìsàn fúnra ẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tì í sẹ́yìn ọ̀fun kó lè yọ síwájú díẹ̀. Ọ̀rá lè yọ́ lọ, wọ́n lè tún un ṣe.

Kí wọ́n tó gé ògiri ẹ̀yìn, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Àìsàn àbímọ́ni kan wà tí wọ́n ń pè ní 22q11.2 deletion syndrome, ègé kékeré kan ló sọnù nínú ohun àjogúnbá ara, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ránmú láìjẹ́ pé àjà wọn là lójú ló ní in, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn lára wọn lè ya wá sáàárín ẹ̀yìn ọ̀fun. Ọ̀bẹ ò gbọ́dọ̀ kàn án.

Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí fúnra ẹ̀ náà lè nílò àtúnṣe, kí ẹ má gbọ́ ọ kẹ́rù bà yín. Awọ tí wọ́n rán lè tú. Ó lè sún kì, kó di tẹ́ẹ́rẹ́, torí àpá máa ń fà. Wọ́n lè ti rán an sísàlẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ òkè ni ilẹ̀kùn ti ń pa dé, ohùn á sì ṣì máa jò gba orí ẹ̀ kọjá. Nígbà náà wọ́n á tú u, wọ́n á gbé e sókè tàbí kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Òdìkejì ẹ̀ náà wà: tó bá fẹ̀ jù, imú á dí, ọmọ á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú, ìyẹn ni pé "màmá" ẹ̀ á wá di "bàbá". Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fiyè sí jù nìyí, torí ohùn nìkan kọ́, èémí ni. Ọmọ á máa hanrun lóru, èémí ẹ̀ á máa dá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó tún fà á, á máa làágùn, á máa sùn nínú kíláàsì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ojú ọgbẹ́ wú, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fẹ́ kó sun ọsibítù lóru àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn lára ìka ẹ̀. Tí kò bá tètè lọ, ẹ gbé fóònù ká a nígbà tó bá ń sùn, ẹ gbé fídíò náà lọ fún dókítà. Wọ́n lè gé díẹ̀ kúrò, wọ́n lè tú gbogbo ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ohùn kì í bàjẹ́ padà tán. Ọmọ tí tọ́nsìlì ẹ̀ tóbi, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yọ ìyẹn ná kí wọ́n tó ṣe èyí, kí àyè má bàa há jù.

Oúnjẹ, torí mo mọ̀ pé ará Èkìtì máa béèrè: ó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó jẹ́ pé ògì, ọbẹ̀ tó ṣàn tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin tí wọ́n fọ́ pọ̀ mọ́ nǹkan rírọ̀ ló máa jẹ. Ẹ̀pà, gúgúrú, gàrí gbígbẹ, egungun ẹja, kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Iyán rọ̀ lóòótọ́ àmọ́ òkèlè tó ń lẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa gba ojú ọgbẹ́ tuntun kọjá, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ọjọ́ tó máa padà.

Ẹ má retí pé ọjọ́ kejì ló máa sọ̀rọ̀ dáadáa. Inú ọ̀fun á kọ́kọ́ wú, á dà bíi pé ó ti yanjú pátápátá, wíwú á lọ, ohùn á jò padà díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Oṣù mẹ́ta lọ sókè ni wọ́n tó lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ abi kò ṣiṣẹ́. Láàárín ìgbà yẹn speech therapist á máa bá a ṣe é, ìdárayá ọ̀rọ̀ gidi, B àti P lẹ́nu, T àti K, lójoojúmọ́ nílé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lè bá a ṣe é.

Ibi tó ti wá ń dùn wá jù nìyí. Ní Èkìtì níbí, Ado ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti yunifásítì ìpínlẹ̀ àti ti Afe Babalola, Ìdó-Èkìtì ní ti ìjọba àpapọ̀, àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun wà, àwọn tó ń ṣe ẹnu àti àgbọ̀n wà, tí ọ̀rọ̀ bá ju ti ibí lọ wọ́n á kọ rẹfáà sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí UCH Ìbàdàn. Abẹ kò wá jẹ́ ìṣòro tó ẹni tó máa kọ́ ọmọ lẹ́yìn abẹ. Speech therapist ò pọ̀ ní Nàìjíríà rárá, Yunifásítì Ìbàdàn wà lára ibi díẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, nínú àwọn tó sì kọ́ ọ, ẹni tó bá rí ọ̀nà ti lọ sí ìlú òyìnbó. Èwo ni ká ní kí ìyá kan láti Ọ̀mùò máa gbé ọmọ lọ Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìdajì wákàtí? Owó ọkọ̀ nìkan á tán an. Àwọn kan ti ń ṣe é lórí fóònù, fídíò WhatsApp, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ tó ti tó bí ọdún mẹ́fà méje tó bá ní àgbàlagbà tó jókòó tì í. Mo lérò pé ìjọba ìpínlẹ̀ lè gba eèyàn méjì péré síṣẹ́ tó máa máa yí Ado, Ìkérè, Ìkọ̀lé àti Ìjerò ká, iye owó yẹn ò tó owó mọ́tò kan.

Ní ti ìnáwó, òfin ínṣọ́ránsì ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà nínú ètò kan, Èkìtì náà ní tiẹ̀, ẹ lọ béèrè níbi tẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀ bóyá abẹ yìí àti wíwo inú ọ̀fun wà nínú ohun tí wọ́n ń san, kí ẹ tó máa ta ilẹ̀. Ẹ sì padà lọ sọ́dọ̀ àjọ tó san ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ pé Smile Train máa ń sanwó fún iṣẹ́ abẹ àtúnṣe àti fún ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú láwọn ọsibítù kan, wọ́n rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹ mú káàdì ọsibítù àtijọ́ dání, àti ìwé tí wọ́n kọ iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ sí tó bá wà, torí dókítà tuntun fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ti gé àti ibi tí wọ́n ti rán. Tí káàdì bá ti sọnù, ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú fáìlì ní ọsibítù yẹn pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣe é, wọ́n lè rí i.

Àgbàlagbà ńkọ́, ẹni tó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ń ránmú látìgbà tó ti wà ní kékeré? Wọ́n lè ṣe é fún un. Ilẹ̀kùn á pa dé, àmọ́ àṣà ẹnu tó ti lò fún ọgbọ̀n ọdún á gba ẹ̀kọ́ tó pẹ́ ju ti ọmọdé lọ, àwọn míì sì yàn láti má ṣe abẹ, wọ́n á lọ bá dókítà eyín kó ṣe nǹkan bí eyín àtọwọ́dá tó ní ìrù sẹ́yìn, tó máa dí ihò yẹn lọ́sàn-án, wọ́n á yọ ọ́ lálẹ́ kí wọ́n tó sùn.